Ọmọ Mi Tó Ń Sọ̀rọ̀ Bí Ìwé Dé Ìba

Ẹ̀yin òbí tí a jọ ń kó ọmọ jọ ní Wínípẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ Sátidé kí etí wọn lè bá Yorùbá pàdé, ẹ ti ń bi mí láti ìgbà tí a ti dé pé, "Báwo ni ilé?" Mo máa ń dáhùn pé dáadáa ni wọ́n wà, màá sì yí ọ̀rọ̀ síbòmíràn. Kì í ṣe pé mo ní ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́. Ohun tí ojú wa rí lọ́hùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró, pàápàá níbi tí kálukú ti ń tiraka láti bọ́ bàtà òjò dídì lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ fi ara balẹ̀ wàyí, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin kan lára yín kò mọ ìdílé wa tó. Ọ̀jọ́ ní Èkó ni wọ́n bí mi sí, Ìba ni mo sì dàgbà sí. Ọmọ Èkìtì ni bàbá mi. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló gbé wọn wá sí Ọ̀jọ́ nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọn kò sì padà mọ́. Pọ́ọ̀lù ọkọ mi, òyìnbó ni, Wínípẹ́ẹ̀gì ní Kánádà níbí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó ti tó" lọ. Síbẹ̀, òun gan-an ni kò jẹ́ kí n sinmi. Láti Yùkíréènì ni ìyá ìyá rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ìyá àgbà yẹn kú, èdè rẹ̀ bá a lọ, tó fi jẹ́ pé orúkọ oúnjẹ mélòó kan ló kù lẹ́nu gbogbo ẹbí. Ọjọ́ tí mo bí Mofẹ́, ó gbé e dání, ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun jogún orúkọ oúnjẹ nìkan.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé Yorùbá fún Mofẹ́ lórí ibùsùn nìyẹn, láti ìgbà tó ti lè dá jókòó. Ìwé mẹ́ta la ní. Ọ̀kan dá lórí àgbébọ̀ adìẹ kan tó ṣìnà lọ́jọ́ ọjà, tó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé ní ọ̀nà ilé. Ìkejì jẹ́ ti àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé bàbá wọn lọ sóko. Ìkẹta, àwòrán èso àti ẹranko lásán ni. A kà wọ́n títí èèpo ẹ̀yìn wọn fi já. Nígbà tí Mofẹ́ máa fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti ń sọ Yorùbá, àmọ́ Yorùbá adìẹ inú ìwé ni. Bí omi bá ń gbẹ ẹ́, á dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìdáná, á ní, "Ìyá mi, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu omi tútù fún mi kí n mu." Inú mi a dùn débi pé màá gbàgbé omi ọ̀hún.

Wálé, àbúrò mi ọkùnrin, ló pè mí pé ojú Bàbá ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, kí wọ́n máa fi oògùn ṣọ́ èyí tó kù. Bàbá kò tíì rí Mofẹ́ rí, àfi lójú fóònù. Èmi àti Pọ́ọ̀lù wo ara wa. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lè gbà á láyè láti bá wa lọ, ó sì ní kí n mú ọmọ lọ bí ilé ìwé bá ti lè gba ìsinmi, kí Bàbá lè rí ojú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú fún wọn. Ó tún ní, "Á gbọ́ Yorùbá ní àgbọ́yó." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ibodè

Obìnrin kan tó sanra, tó wọ aṣọ ìjọba, ló jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní pápákọ̀ òfurufú, tó ń gba ìwé ìrìnnà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kàn wá, kí n tó lanu, Mofẹ́ ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lókè pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ó na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Jésù! Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ gbà mí o! Bọ̀dá Sunday, ẹ wá gbọ́ òyìnbó tó ń sọ Yorùbá!"

Àwọn méjì sáré wá, wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí a ṣe ń lọ síbi ẹrù, ó fà mí láṣọ, ó bi mí pé, "Ìyá mi, ta ni òyìnbó?" Mo ní àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Ní Wínípẹ́ẹ̀gì, ẹ mọ̀ pé ọmọ dúdú ni wọ́n máa ń pè é. Ó ti rò pé níbi tí a ń lọ yìí, wọn kò ní pè é ní nǹkan kan.

Ilé

N kò ní ròyìn ọ̀nà fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi tí mo fi ẹsẹ̀ rin Ìyànà-Ìba ní gbogbo ìgbà èwe mi, n kò mọ ibi tí a ti yà nígbà tí Wálé, tó wá fi ọkọ̀ gbé wa, yà. Ilé ti hù sórí gbogbo ilẹ̀ tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ibi tí igi àgbálùmọ̀ wà tẹ́lẹ̀ ti di ilé oògùn. Mo ń wo ìta bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò, n kò rí ẹnì kan.

Bàbá ti jókòó sí ẹ̀hìnkùlé láti ọ̀sán, lórí àga onígi wọn, wọ́n wọ fìlà bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń wá kò ju Mofẹ́ lọ. Wọ́n di ojú rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fà á súnmọ́ tiwọn, wọ́n yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n tún yí i padà. Wọ́n fi ẹ̀ka èdè Èkìtì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Mofẹ́ wò mí. Kò gbọ́ ọ̀kankan níbẹ̀.

"Bàbá ní o jọ ìyá àwọn," mo sọ fún un.

Àwọn ọmọ Wálé méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tómi, obìnrin, ló dàgbà jù, ó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Dára, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, fi ọdún kan kéré sí Mofẹ́. Nínú ọkọ̀ òfurufú ni Mofẹ́ ti múra ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá wọn sọ. Ó dojú kọ wọ́n, ó nàró, ó ní:

"Ẹ̀yin ìbátan mi, inú mi dùn púpọ̀ láti fi ojú kàn yín."

Tómi fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Dára kò tilẹ̀ fi ẹ̀rín pamọ́ ní tiẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi ìyá rẹ̀ pé, "Kí ló dé tó ń sọ̀rọ̀ bí rédíò Bàbá?"

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Mofẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú wa kárí.

Bùkọ́lá, ìyàwó Wálé, ti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó gún iyán de àwa àgbà. Ó se ìndómì fún àwọn ọmọ. Mofẹ́ ní iyán ni òun fẹ́. Tómi àti Dára dúró wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ gé e, bí ẹni ń wo àlejò tó wá ṣe eré. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá wọ́n ń jẹ iyán ní Kánádà. Ó fi Yorùbá dáhùn. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín wọn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń wá sí gèètì lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ní, "Mofẹ́, sọ 'omi' ká gbọ́." Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó bá sì sọ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni wọ́n máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, tí wọ́n á máa gbìyànjú láti sọ ọ́ bíi tirẹ̀. Ọmọdé kì í pẹ́ mọ ibi tí ọjà òun ti yá. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Mofẹ́ ti pa ẹnu Yorùbá rẹ̀ dé. Bàbá kí i ní àárọ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Bàbá náà wá fi Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì wọn àtijọ́ béèrè bóyá ó sùn dáadáa, bí ẹni ń bá àlejò láti Àbújá sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú ìwé adìẹ jáde bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó yí ojú sí ògiri.

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ pé, "Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ báyìí níbí. Ẹ̀yin nìkan ni."

Mo fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo gbọ́ Tómi àti Dára tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà sí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Ní Wínípẹ́ẹ̀gì, nínú òtútù, láàárín àwọn tí kò mọ Yorùbá sí ohunkóhun, ọmọ mi ń sọ ọ́. Mo wá gbé e dé ilé bàbá mi, ó sì kú mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ni màá wí fún Pọ́ọ̀lù?

Ọ̀rọ̀ Bùkọ́lá

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bùkọ́lá jọ ń ṣa ẹ̀wà. Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Igbó-Elérin. Mo ní, "Ìyàwó mi, èdè wo ni Dára fi ń lá àlá ná?"

Ó mọ ohun tí mo ń sọ. Kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀wà.

"Àǹtí, ẹ máà bínú. Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni fún Mofẹ́. Ó ń mí i símú bí atẹ́gùn ni. Àwa, rírà la rà á. Ẹ mọ iye ilé ìwé tí mo mú Tómi lọ kí wọ́n tó gbà á? Wọ́n á jókòó sí iwájú ọmọ, wọ́n á bi í ní ìbéèrè. Bó bá fi Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀, wọ́n á wo ìyá rẹ̀ látòkè délẹ̀."

"Àmọ́ ọmọ Yorùbá ni."

"Ẹ̀yin ẹ lè ní kí ọmọ yín wá sọ Yorùbá, torí kò sí nǹkan tí yóò tìtorí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí tiwa bá sọ ọ́ jù, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí." Ó ju òkúta kan sí ẹ̀gbẹ́. "Èmi náà ò ṣe é tìdùnnú-tìdùnnú, Àǹtí. Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá wá láti Abẹ́òkúta, èmi ni mo máa ń dúró láàárín wọn àti Dára, tí mo ń túmọ̀."

Mo ti kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ dání láti Kánádà, kò sí èyí tó bá a mu. A jọ ṣa ẹ̀wà náà tán.

Àlàbá Rágo àti Okokomáíkò

Wálé fẹ́ ra ewúrẹ́ kan tí a máa fi dúpẹ́ pé a dé láyọ̀. Ó kó èmi àti Mofẹ́ lọ sí ọjà ẹran Àlàbá Rágo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: òórùn àgbò, koríko tútù, ariwo Haúsá láti òkè délẹ̀. Mofẹ́ di ọwọ́ mi mú gírígírí.

Ọkùnrin tó ń tajà fún wa ti dàgbà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Yorùbá ló fi bá Wálé dúnàádúrà, àmọ́ irú Yorùbá wo! Gbogbo ohùn ọ̀rọ̀ ló dorí kodò. Ó ń pe èmi tí mo dúró síbẹ̀ ní "ìwọ ìyá."

"Ìwọ ìyá, wò ó dáadáa. Òun kò kéré. Òun máa pọ̀ ní inú ìkòkò."

Wálé ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọkùnrin náà gbá ọwọ́ mọ́ àyà. "Ha! Ìwọ fẹ́ kí èmi sunkún? Ìyàwó mi máa lé mi!"

A rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó fọ́ Yorùbá sí wẹ́wẹ́, ó ń fún wa jẹ, kò sì sí ìtìjú kankan lójú rẹ̀. Mofẹ́ ń wò ó lẹ́nu bí ẹni ń wo apidán. Nígbà tí wọ́n ti so ewúrẹ́ tán, ọkùnrin náà rí i, ó tẹ̀ ba, ó bi í:

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ gbọ́ Yorùbá?"

Mo ti fẹ́ dáhùn fún un, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kékeré kan.

"Díẹ̀díẹ̀."

"Èmi náà," ni ọkùnrin náà wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ní àbọ̀, a yà sí Okokomáíkò kí n wá ìwé ìtàn Yorùbá tuntun. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà tó kún fún ìwé ìdánwò àti ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì aláwòrán. Mofẹ́ mú ọ̀kan ṣí. Ọmọ òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, ó ń fi òjò dídì mọ ère. Ó gbé e sókè fún mi láti ọ̀ọ́kán, ó ń rẹ́rìn-ín, "Ẹ wò ó! Ilé wa!" Mo béèrè ìwé Yorùbá tí a lè kà fún ọmọ kó fi sùn. Ọmọge tó ń tajà ronú, ó ní, "Èyí tí wọ́n ń lò ní kíláàsì ni àbí?" Mo ní rárá, ti ìgbádùn lásán. Ó ní wọn kì í béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń sọ bí ọjà ṣe rí ni.

Yàrá Bàbá

Bàbá tètè máa ń wọ yàrá. Láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣókùnkùn, ìrọ̀lẹ́ kò wúlò fún wọn mọ́: wọn kò lè ka ìwé ìròyìn, wọn kò lè ka orin. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á tan rédíò. Ẹ̀gbẹ́ ògiri wọn ni yàrá tí èmi àti Mofẹ́ ń sùn. Wọ́n ti gbọ́ ìwé tí mo kà ní àwọn alẹ́ àkọ́kọ́ tí a dé, wọ́n sì ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ti Àlàbá dé, wọ́n mú iná lọ. Rédíò Bàbá náà ti kú, bátìrì rẹ̀ ti tán. Wọ́n pe Mofẹ́. Mo mú un lọ síbẹ̀ pẹ̀lú iná sólà kékeré.

Yorùbá tó tẹ́jú ni Bàbá sọ sí i, wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀ kó lè gbọ́. "Wọ́n ní o mọ ìwé kà. Tèmi ò ṣeé ṣe mọ́. Ka nǹkan fún mi kí n fi sùn."

Mofẹ́ wo ilẹ̀kùn. "Wọ́n máa rẹ́rìn-ín."

"Ta ni? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

Ó ronú sí i. Ó lọ, ó sì mú ìwé adìẹ wá. Ó jókòó sórí ibùsùn Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Ó kà á dé ibi tí adìẹ ti kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà.

"'Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò fi ọ̀nà ilé hàn mí?'"

"Ulé," ni Bàbá wí.

Mofẹ́ dúró. "Ilé ni, Bàbá."

"Ulé là ń pè é ní ọ̀dọ̀ tiwa."

"Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbí. Ilé."

"Ẹni tó kọ ọ́ kò dé Èkìtì."

Mofẹ́ wo ìwé, ó wo Bàbá. Gbogbo ayé rẹ̀, ohun tí ìwé yẹn bá wí lòdodo. Kò sẹ́ni tó ti bá a jiyàn rí. Ó tọ́ka sí àwòrán. "Èyí ńkọ́? Igi."

"Ugi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti pẹ́ kí n tó tún gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó fara jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ó ń jù ú sí Bàbá, Bàbá ń dá a padà. Nígbà mìíràn Bàbá á ní kò yí padà, bákan náà ni wọ́n ń pè é, Mofẹ́ á sì ṣe bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ìwé tí a máa ń kà tán kí oorun tó wọlé, wọn kò kà á dé ìdajì.

Láàárín rẹ̀ ni a gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà, ní Gẹ̀ẹ́sì: "Kí ni àgbébọ̀?"

Dára ni. Òkùnkùn pálọ̀ ti sú u. Mo rí i bí ara Mofẹ́ ṣe le. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Mofẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé adìẹ tó ti dàgbà ni, tó ti ń yé ẹyin, kì í ṣe òròmọdìẹ. Dára ronú, ó wọlé, ó sì dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ Bàbá.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí wọ́n bí sínú òtútù ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Yorùbá fún ọmọ tí wọ́n bí sí Ìba, níbi tí adìẹ ti ń jẹ̀ lẹ́nu gèètì. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Mo kàn gbé iná sólà súnmọ́ ìwé náà fún wọn.

Bó ṣe di ti ojoojúmọ́ nìyẹn. Tómi kò wá. Ó ní ìwé ọmọdé ni. Àmọ́ ó máa ń fi ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Nígbà tí Mofẹ́ ka ìwé kejì, tó ní àwọn ọmọ náà "bá bàbá wọn re oko," mo gbọ́ Tómi látọ̀ọ́kán, "'Lọ sóko' ni wọ́n ń sọ o!" Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Òtútù mú Mofẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ohùn rẹ̀ há pátápátá. Dára kò gbà pé kò ní sí ìwé. Ó gbé ìwé adìẹ, ó tọ ìyá rẹ̀ lọ. Bùkọ́lá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ní ọwọ́ òun dí, Dára sì dúró síbẹ̀ títí. Bùkọ́lá wá wọlé sí yàrá Bàbá pẹ̀lú bíírò létí, ó jókòó sórí àga, ó ṣí ìwé.

Ó kà á bí ẹni ń rìn lórí yẹpẹ tútù. Ó ń dúró níwájú àmì kọ̀ọ̀kan. Ó kà pé adìẹ náà rí "ọkọ" tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì sáré bọ́ sínú rẹ̀.

"Ọkọ̀," ni Mofẹ́ wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé wọn. Bùkọ́lá tún un wò, ó fi ìwé bo ojú. "Yéè! Adìẹ ti lọ́kọ!" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Dára tí kò mọ ìdí rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kí a ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ nu ojú, ó ní láti ìgbà tí òun ti jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, òun kò ka Yorùbá sókè mọ́. Ó wá ṣàlàyé ọkọ àti ọkọ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó sì bá ìwé náà lọ, ó kà á dé òpin.

Ní ìta, ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. "Àǹtí, mo ṣì dúró sórí ohun tí mo sọ. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, Gẹ̀ẹ́sì la máa sọ nílé yìí. Iṣẹ́ ń bẹ níwájú àwọn ọmọ yìí." Ó fa bíírò yọ létí. "Ṣùgbọ́n kí a fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún Bàbá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ṣe é nítorí mi.

Àbọ̀

Lọ́jọ́ tí a ń padà, Bàbá tún di ojú Mofẹ́ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n wò ó pẹ́. N kò mọ bí èyí tí wọ́n rí ṣe tó, n kò sì lè béèrè. Mofẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ tó múra sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mò ń lọ ulé."

"Ulé ni," ni Bàbá wí. "Ulé sì ni ìhín náà."

Mofẹ́ fi ìwé adìẹ sílẹ̀ fún Dára. N kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn wo àpótí, mo rí i pé ìwé méjì ló kù.

Pọ́ọ̀lù wá pàdé wa. Mofẹ́ sọ̀rọ̀ láti pápákọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, Gẹ̀ẹ́sì níbí, Yorùbá lọ́hùn-ún, pẹ̀lú "jàre" àti "ṣebí" àti "àbẹ́ẹ̀gì" nínú rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí mo fi kọ́ ọ. Kò pè mí ní ìyá mi mọ́, Mọ́mì ni mo dà, bí Dára ṣe ń pe ìyá tirẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìyànà-Ìba, ẹ má bá a wí. Mo ti pinnu pé èmi náà kò ní bá a wí.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo mú ìwé oko lọ sí ibùsùn rẹ̀. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀, òun ló kàn láti sọ̀rọ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀. Ó pe Pọ́ọ̀lù náà pé kó wá, Pọ́ọ̀lù sì jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ibùsùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Mofẹ́ pa iná. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ òfurufú ti balẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń rí i, ó ń ju èyí tí kò rí sílẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo gbọ́ nípa obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì. Mo gbọ́ nípa gèètì, nípa ìndómì tí kò jẹ. Pọ́ọ̀lù ń béèrè pé kí nìyẹn, kí nìyẹn, ó ń sọ fún un.

Nígbà tí mo la ojú, ilẹ̀ ti mọ́. Mofẹ́ ti jí, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n, ó ń wò mí.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ sùn lọ. Ibo lẹ gbọ́ dé?"